Ẹ pè é ní àdéhùn wẹ́ẹ̀bù

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ ṣàlàyé web standards ní Yorùbá, ìyẹn ohun tí àwọn tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù jọ fẹnu kò sí lórí bó ṣe máa ṣiṣẹ́, wọ́n á ti kọ "òfin wẹ́ẹ̀bù" sílẹ̀ kí wọ́n tó ronú, àwọn tó fẹ́ ká mọ̀ pé àwọn kàwé á kọ "òṣùwọ̀n ayélujára", àwọn tí ò fẹ́ ronú rárá á kọ sítáńdáàdì, wọ́n á fàmì sí i lórí, ó parí. "Àdéhùn wẹ́ẹ̀bù" lèmi ń kọ ní tèmi, torí ẹni tí ò bá mọ irú nǹkan tó jẹ́ ò ní mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tó ń kó jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká mú "òfin" ná. Òfin ní ọlọ́pàá, ó ní ìjìyà. Ta wá ni ọlọ́pàá W3C, ẹgbẹ́ tó ń kọ àwọn web standards yìí? Ọdún 1994 ni Tim Berners-Lee dá a sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa gbé ìwé jáde lórí bí ojú-ewé ṣe máa rí àti bí kọ̀ǹpútà kan á ṣe bá èkejì sọ̀rọ̀, ìwé tó bá sì ti pé tán, Recommendation ni wọ́n ń pè é, ìmọ̀ràn nìyẹn, àwọn tó kọ ọ́ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀! Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ò ju pé àwọn tó ń ṣe bùráúsà jókòó, wọ́n gbà, wọ́n sì lọ ṣe é bẹ́ẹ̀. "Òṣùwọ̀n" tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, òṣùwọ̀n la fi ń wọn nǹkan, kí ni èyí ń wọ̀n? Àwọn tó ń lo "ìlànà" ló sún mọ́ ọn, mi ò bá wọn jà púpọ̀, àmọ́ ọ̀gá lè dá fún ọmọọṣẹ́ ní ìlànà. Àdéhùn ò ṣe é dá ṣe, ẹni tó bá sì bá yín ṣe é lè yẹ̀ ẹ́.

Yíyẹ̀ yẹn gan-an ló jà jù. Nígbà tí Google gbé Google Talk, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ wọn, jáde lọ́dún 2005, XMPP ló fi ṣe é, àdéhùn kan lórí bí èèyàn ṣe ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, nígbà tó sì yá ẹni tó wà lórí server ibòmíì (kọ̀ǹpútà tó ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀) lè bá ará Google sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ní àkáǹtì níbẹ̀. Ọdún 2013 wọ́n gbé Hangouts dé láti fi rọ́pò ẹ̀, Hangouts ò sì bá server ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe jáde nínú àdéhùn nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òfin ni, ilé ẹjọ́ wo lẹ gbé wọn lọ?

Èyí tó kàn wá jù báyìí ni ActivityPub, àdéhùn lórí bí àwọn ìkànnì àjùmọ̀lò ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, W3C fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2018, Mastodon, ìkànnì kan tó jọ Twitter, ń lò ó, Threads, ìkànnì ti Meta tó ni Facebook, náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹ wò ó báyìí: Facebook dà bí ilé kan tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá, onílé kan ló ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, bẹ́ ẹ bá kó jáde ẹ ò ní lè bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé sọ̀rọ̀ mọ́, torí inú ilé yẹn nìkan lohùn yín ti ń jáde. Ti ActivityPub, agboolé ni àwọn server ẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n lànà síra wọn, kálukú ní olórí tiẹ̀, àpótí lẹ́tà sì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn, ohun tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ò ju bí lẹ́tà ṣe máa rí àti àpótí tí wọ́n máa jù ú sí. Agboolé tó bá ń hùwàkiwà, àwọn yòókù lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n ṣe é fún Gab, ìkànnì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra, lọ́dún 2019 nígbà tó kó wá sórí ètò Mastodon, ọ̀pọ̀ server ló tì í síta, kò sí ọ̀gá kankan tó pàṣẹ fún wọn.

Àmọ́ ṣá o, ohun tó wà nínú àdéhùn nìkan ló ń bá èèyàn lọ. Tẹ́ ẹ bá kúrò lórí server Mastodon kan bọ́ sórí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀ lé yín á tẹ̀ lé yín débẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ látẹ̀yìn wá á sì dúró síbi tó wà. Ẹgbẹ́ tó ti ń kó ìmọ̀ jọ fún ọdún mẹ́wàá, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn tó ń kọ àdéhùn tuntun tẹjú mọ́, bí àdéhùn ṣe ń para dà sí i ni irú ẹgbẹ́ tá a lè dá á máa yí padà. Àwọn Bluesky, ìkànnì míì tí àdéhùn tiwọn ń jẹ́ AT Protocol, ti gbà kí èèyàn fi dómènì ara ẹ̀ (àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù tiẹ̀) ṣe orúkọ, ìyẹn wù mí gan-an.

Nígbà tí Threads ń bọ̀, àwọn server kan ti búra pé àwọn máa tì í síta kó tó dé, torí wọ́n rántí 2013. Ẹ̀rù wọn tọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni ìwé àdéhùn gan-an, kí Meta má lọ máa fi nǹkan tiẹ̀ kún un títí tí àwọn kékeré ò fi ní lè bá a mọ́.