Ibi Tí Iná Tíráfíkétọ̀ Ti Ń Sọnù Lára Alùpùpù Àtijọ́

Bí tíráfíkétọ̀ alùpùpù, iná tó ń ṣẹ́jú bí awakọ̀ bá fẹ́ yà, bá dákẹ́, fláṣà, ohun kékeré tó ń mú iná náà ṣẹ́jú, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ rà. Wọ́n á yọ ti àtijọ́ sọ nù, wọ́n á fi tuntun sí i, iná náà ò sì ní ṣẹ́jú síbẹ̀. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni fláṣà sábà máa ń jẹ̀bi. Lára alùpùpù tó ti jẹ òjò àti ọyẹ́ fún ogún ọdún, ibi tí irin ti ń kan irin ni iná ti ń sọnù: inú súwíìṣì ọwọ́ òsì, ibi ìsopọ̀ wáyà lẹ́yìn iná iwájú, àti ibi tí iná ti ń gba bọ́dì padà sílé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí iná ń tọ̀ láti bátìrì dé gílóòbù, tó sì mọ ọ̀nà tó ń gbà padà, kò nílò kó máa ra nǹkan ní àbá.

Ká mú Honda CG125, alùpùpù tó jáde ní 1976, tí òun àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ti gbé èrò kiri títì ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná gbéra lórí pósítíìfù bátìrì, ó gba wáyà pupa kọjá inú fíúùsì, ó dé súwíìṣì kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sínú wáyà dúdú, ó wọ fláṣà. Wáyà eléérú ló ti inú fláṣà jáde lọ sí súwíìṣì tíráfíkétọ̀. Bí wọ́n bá ti súwíìṣì yìí sí òsì, iná á bọ́ sínú wáyà tó ní àwọ̀ ọsàn. Bí wọ́n bá tì í sí ọ̀tún, á bọ́ sínú wáyà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Á dé gílóòbù iwájú àti ti ẹ̀yìn, á gba inú wọn kọjá, á wá gba wáyà gíríìnì tàbí irin bọ́dì padà sórí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí àwọn Honda ṣe ń kun wáyà wọn nìyẹn. Àmọ́ lára ọ̀kadà tí rìwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) mẹ́ta mẹ́rin ti fọwọ́ kàn, àwọ̀ wáyà máa ń purọ́. Wáyà àwọ̀ ọsàn lè wọ abẹ́ tépù dúdú kó sì jáde ní funfun. Ibi tí wáyà dé ni kí èèyàn gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀.

Bátìrì ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ́ńjìnì alùpùpù yìí máa ń gbéra dáadáa nígbà tí bátìrì ti kú pátápátá, torí kọ́ìlì inú mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, ló ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná. Iná iwájú náà, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gun ún láìní bátìrì gidi lábẹ́ ìjókòó, tí wọ́n á sì máa rò pé kò sí nǹkan tó ṣe iná ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bátìrì ni fèrè àti tíráfíkétọ̀ ń wò. Bátìrì fólítì 12 tó yó dáadáa yóò fi nǹkan bíi 12.6 hàn lórí mítà nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní pípa; bó bá ti sún mọ́ 12.0, ebi ń pa á. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n mú kó sáré díẹ̀, ó yẹ kí mítà gòkè lọ sí àyíká 14. Tí kò bá gòkè, a jẹ́ pé ẹ̀ka tó ń bọ́ bátìrì ló ní àìsàn, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Tíráfíkétọ̀ tó ń ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá mú kí ẹ́ńjìnì sáré, àmọ́ tó ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá dúró níbi iná pópó, bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Bí bátìrì bá dára, ìdánwò kan wà tó máa ń yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n yọ wáyà méjèèjì kúrò lára fláṣà, dúdú àti eléérú, kí wọ́n fi wáyà kúkúrú kan so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n ti súwíìṣì sí òsì, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Fláṣà ti kúrò lójú ọ̀nà báyìí, nítorí náà iná kò ní ṣẹ́jú. Yóò kàn tàn gbọn-in ni. Bí gílóòbù méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tàn, tí wọ́n sì mọ́lẹ̀ kedere, fláṣà ló jẹ̀bi, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Bí wọn kò bá tàn, tàbí tí wọ́n ń tàn bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, fláṣà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí wọ́n fi owó wọn sápò.

Bí fláṣà àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á tí wọ́n fi ń purọ́ mọ́ ọn. Nínú rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń tẹ̀ bó bá gbóná. Iná tó ń lọ sí gílóòbù ló ń mú un gbóná. Bó bá tẹ̀, ọ̀nà á já, gílóòbù á kú. Bó bá tutù, á padà sípò, gílóòbù á tún tàn. Nǹkan bí ìgbà 60 sí 120 ló yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: ooru tó ń rí gbà wá láti inú iye iná tí gílóòbù ń fà. Bí gílóòbù kan bá jó, iná tó ń kọjá dín sí ìdajì, irin náà kò ní gbóná tó, nítorí náà gílóòbù tó kù á tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú, tàbí kó máa ṣẹ́jú bí ẹni tó ń ṣàárẹ̀. Bátìrì tí ebi ń pa yóò ṣe é bákan náà, súwíìṣì tó dọ̀tí náà yóò ṣe é. Bí ẹnì kan bá sì fi gílóòbù wáàtì 21 sí ibi tó yẹ kí wáàtì 10 wà, á máa ṣẹ́jú kíákíá. Fláṣà ìgbàlódé tó ń fi ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ka iye iná yàtọ̀ sí èyí: òun máa ń sáré bí gílóòbù kan bá kú, kí awakọ̀ lè mọ̀. Torí náà, kí wọ́n tó túmọ̀ ohun tí iná ń sọ, kí wọ́n mọ irú fláṣà tó wà lára ọkọ̀.

Wàyí o, ká sọ pé fláṣà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́, tí gílóòbù sì ń tàn bàìbàì. Kí wọ́n má tíì yọ wáyà kúkúrú yẹn, torí iná tó dúró sójú kan rọrùn láti wọ̀n ju èyí tó ń ṣẹ́jú lọ. Iṣẹ́ tó kù ni láti mọ ibi tí fólítì ti ń jò. Ká ní mítà fi 12.4 hàn lórí bátìrì, àmọ́ tó jẹ́ pé 9.8 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Fólítì 2.6 ti sọnù lójú ọ̀nà. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí pósítíìfù bátìrì, kí ìkejì wà lórí wáyà dúdú níbi fláṣà: ká ní 0.3 ló wà níbẹ̀, ìyẹn kò burú. Kí wọ́n wọn láti wáyà eléérú sí wáyà àwọ̀ ọsàn níbi súwíìṣì: 1.7. Kí wọ́n wọn láti irin ìdí gílóòbù sí nẹ́gétíìfù bátìrì: 0.6. Àpapọ̀ wọn pé 2.6, ọ̀bàyéjẹ́ náà sì ti fara hàn: súwíìṣì ni. Ibikíbi tó bá jẹ ju ìdajì fólítì lọ yẹ fún ìtọ́jú.

Àwọn kan á ní kí wọ́n pa iná, kí wọ́n fi mítà tó ń ké píì dán wáyà wò. Ìyẹn ti kó ọ̀pọ̀ rìwáyà ṣìnà. Wáyà tí okùn inú rẹ̀ já tán, tó ku ẹyọ kan, yóò ké píì dáadáa, torí mítà kò fi nǹkan kan dẹ́rù pa á. Bí gílóòbù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná nínú rẹ̀ ni àṣírí ń tú. Ìgbà tí ẹrù wà lórí ló yẹ ká wọ̀n.

Àdánù fólítì yìí ò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Bí fólítì bá dín ní ìdá kan nínú márùn-ún, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù lè já sí nǹkan bí ìdajì, bó bá sì di ọ̀sán gangan, dánfó tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí i rárá. Ẹni tó fẹ́ yà sí òsì gbà pé òun ti sọ fún wọn. Alùpùpù tó ń lo bátìrì fólítì 6, bí àwọn CG125 àkọ́kọ́, tún wà nínú ewu jùyẹn lọ. Gílóòbù wáàtì 10 méjì ń fa nǹkan bí ámpíà 1.7 lórí fólítì 12, wọ́n sì ń fa 3.3 lórí fólítì 6. Iná ìlọ́po méjì ló ń gba ojú kan náà tó dọ̀tí kọjá, látinú fólítì tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀.

Súwíìṣì ọwọ́ òsì ló yẹ ká fara balẹ̀ lé lórí. Nínú rẹ̀, idẹ pẹlẹbẹ kékeré kan ni àtàǹpàkò awakọ̀ ń tì lọ tì bọ̀. Sípíríǹgì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn kọ́ńtáàtì tí wáyà so mọ́, bọ́ọ̀lù irin tín-ín-tín kan ló sì ń jẹ́ kó dún kẹ̀ nígbà tó bá bọ́ sáyè rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń wọ ibẹ̀, omi òjò ń tẹ̀ lé e, gíríìsì tí wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n ṣe é á gbẹ, ojú idẹ á sì mú ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Bí iná bá máa ń wá nígbà tí wọ́n bá fi àtàǹpàkò tẹ súwíìṣì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n, kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n yọ orí bátìrì kan. Síkúrúù méjì ló sábà wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń le, orí wọn sì tètè ń jẹ, nítorí náà kí ẹnu sikirudíráfà bá wọn mu gan-an. Kí wọ́n tú u lórí aṣọ funfun tàbí nínú àwo, kí wọ́n sì rọra ṣí i, torí bọ́ọ̀lù irin yẹn lè fò jáde kó sì di àwátì nínú iyanrìn ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò kan lórí fóònù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun lè gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀sán gbogbo. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kọ́ńtáàtì ló dára jù láti fi fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù kò dára, ó lè ba rọ́bà jẹ́, ó sì lè gbiná. Bí ìpẹtà bá ti jinlẹ̀, kí wọ́n fi sáńdípépà tó kúnná jù lọ fọwọ́ bà á fẹ́ẹ́rẹ́ títí idẹ yóò fi tàn. Kí wọ́n má fi èyí tó le ha á, nítorí ojú tí wọ́n bá ti ha tún ń kó ìdọ̀tí kíákíá. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn kọ́ńtáàtì náà. Wáyà máa ń já níbi tí lẹ́ẹ̀dì ti mú un, rọ́bà rẹ̀ á sì ṣì dì í mú bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà, kó yá ọwọ́, kí ike tó yọ́. Gíríìsì ìwọ̀nba bíńtín ló kẹ́yìn, kí wọ́n tó dé e.

Wáyà tó ń ti súwíìṣì bọ̀ ń kọjá ní ọrùn alùpùpù, níbi tí ọwọ́ ọkọ̀ ti ń yí sọ́tùn-ún sósì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ibẹ̀ ló ti ń rẹ̀ tó sì ń já nínú awọ rẹ̀. Kí wọ́n tan tíráfíkétọ̀, kí wọ́n rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí iná bá kú níbì kan tó sì tún tàn níbòmíràn, kí wọ́n ṣí ìdìpọ̀ wáyà níbẹ̀. Bí fíúùsì ló bá ń jó nígbà tí wọ́n bá yí ọwọ́ ọkọ̀, a jẹ́ pé awọ wáyà ti bó, tí irin inú rẹ̀ sì ń kan bọ́dì, ohun tí wọ́n ń pè ní bíríìjì. Fífi fíúùsì tó tóbi sí i tàbí wáyà lásán dí i kì í ṣe àtúnṣe: ìdìpọ̀ wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò jó níkẹyìn, lábẹ́ táńkì epo.

Ọ̀nà àbọ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Bí bọ́dì kò bá mú dáadáa, iná kì í kàn kú lásán, ńṣe ló máa ń wá ọ̀nà míì padà sí bátìrì. Tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn á ṣẹ́jú, iná pupa ẹ̀yìn náà á máa mì pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ohun tó ṣàjèjì bá ń ṣẹlẹ̀ báyìí, kí wọ́n mú wáyà kan, kí wọ́n so ó mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì, kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kejì kan irin ìdí gílóòbù. Bí gbogbo rẹ̀ bá tún ṣe, ibi tí bọ́dì ti kan irin ni kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n kun sára alùpùpù láti mú un dán ló ń fa èyí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ku iná kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn alùpùpù tó ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀tún àti òsì kì í so ó mọ́ bọ́dì rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí wáyà àwọ̀ ọsàn, ìkejì wà lórí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Bí òsì bá ń ṣiṣẹ́, iná á gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí gílóòbù ọ̀tún, á sì gba ibẹ̀ lọ sí bọ́dì. Ohun tó ń kọjá kéré débi pé gílóòbù ọ̀tún kò lè tàn. Nítorí náà, bí tíráfíkétọ̀ òsì bá ń ṣẹ́jú tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò tàn, tí gílóòbù rẹ̀ kò sì tíì jó, àwọn gílóòbù ọ̀tún àti bọ́dì wọn ni kí wọ́n lọ wò. Ìdí kan náà ni gílóòbù LED, irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa iná, ṣe ń dá wàhálà sílẹ̀: ìwọ̀nba iná yẹn ti tó LED láti tàn, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa ṣẹ́jú pọ̀. Ó nílò dáyóòdù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wáyà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lára iná dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì wá lọ sí bọ́dì. Fláṣà onírin pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ kúrò, torí LED kì í fa iná tó lè mú un gbóná.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n dá fláṣà padà sáyè rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n tan iná iwájú, kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n sì tan tíráfíkétọ̀ òsì, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún, pẹ̀lú ọwọ́ ọkọ̀ ní yíyí sí ìhà méjèèjì. Kí ẹlòmíràn dúró sẹ́yìn nínú oòrùn, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.