Lichtsluis: ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà

Àwọn ará Nẹ́dálándì ló so ọ̀rọ̀ méjì yìí pọ̀. Licht ni ìmọ́lẹ̀. Sluis ni ibodè omi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kúrò nínú omi tó ga bọ́ sínú èyí tó rẹlẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ibodè omi ló yá sí wọn lẹ́nu: ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ.

Ilẹ̀kùn méjì ni sluis ní, àyè omi sì wà láàárín wọn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí omi ibẹ̀ kún tàbí kó fà títí á fi bá ti iwájú dọ́gba, kí wọ́n tó ṣí ìkejì. Méjèèjì kì í ṣí pa pọ̀ láé. Èyí tí wọ́n ṣí ní IJmuiden ní 2022, fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Amsterdam, gùn ní mítà 500, ó sì fẹ̀ ní mítà 70.

Òfin ilẹ̀kùn méjì yìí náà ni lichtsluis ń tẹ̀ lé lẹ́nu yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó láti ba fíìmù jẹ́. Tó o bá wọlé, ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ná kó o tó ṣí ìkejì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú kò ní láti dáwọ́ dúró. Àyè ibẹ̀ ò sì ní láti tóbi, torí ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe omi tá a máa dúró kó fà: bílẹ̀kùn bá ti pa dé, ó tán.

Èyí tí kò nílẹ̀kùn rárá ló wù mí jù. Ọ̀nà tóóró kan ni, tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ, tí wọ́n kun ní ọ̀dà dúdú tí kì í dán. Ìmọ́lẹ̀ kò lè yà ní kọ́nà. Àfi kó kọ lu ògiri kó sì ta padà. Ká ní ìdá 5 nínú 100 ni ògiri dúdú ń dá padà: lẹ́yìn ìkọlù mẹ́ta, ìdá 1 nínú 8,000 ló kù. Ẹni tó bá fi ọ̀dà funfun tó ń dá 80 nínú 100 padà kùn ún torí ìmọ́tótó, ìdajì àti díẹ̀ lé ló máa wọlé tọ fíìmù lọ.

Ẹ má ṣì í kà sí luchtsluis o. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n lucht ni afẹ́fẹ́. Tìyẹn ni ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n ń gbà jáde sí gbangba ojú ọ̀run, dídúró sì pọn dandan níbẹ̀: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fà tán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìta.