Flush draw: káàdì mẹ́rin tó ń wá ìkarùn-ún

Lálẹ́ Sátidé, nílé ẹ̀gbọ́n wa kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, àwa mẹ́fà máa ń jókòó yí tábìlì kan ká láti ta póòkà. Owó kékeré ni. ₦50 àti ₦100 la fi ń ṣí eré, ₦10,000 sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń kó síwájú ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ lè dìde nígbàkúùgbà, kó kó èyí tó ṣẹ́kù sápò. Kò sí òdiwọ̀n owó tí èèyàn lè jù sílẹ̀: bó bá wù yín, ẹ lè ti gbogbo owó iwájú yín sáàárín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní tábìlì yìí, ohun tó ń jẹ owó àwọn àbúrò tó ń bá wa ta jù lọ ni flush draw. Ó ń dùn mí, torí ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Káàdì 52 ló wà nínú páálí kan, oríṣi mẹ́rin sì ni: háàtì àti dáyámọ́ǹdì tó pupa, sípéèdì àti kílọ́ọ̀bù tó dúdú. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní 13. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, gbogbo wa á sì jọ máa lo márùn-ún tó wà láàárín tábìlì. Mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde pọ̀, òun ni flop. Ìkẹrin ni turn, ìkarùn-ún ni river, a sì máa ń dá owó lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí márùn-ún nínú méje yín bá jẹ́ oríṣi kan náà, ẹ ti ní flush. Ó ju káàdì mẹ́ta tó jọra lọ, ó ju straight (márùn-ún tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra) lọ, àmọ́ full house (mẹ́ta tó jọra pẹ̀lú méjì tó jọra) jù ú. Flush draw ni ìgbà tí mẹ́rin ti pé, tó ku ẹyọ kan. Kò tíì di nǹkan kan. Ẹni tó ní 2 méjì lásán lọ́wọ́ ń nà yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ayò ọlọ́pọ́n dáadáa máa rí ìyàtọ̀ kan níbí. Ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n, ojú gbogbo wa ló sì wà. Póòkà máa ń fi apá kan pamọ́, ṣùgbọ́n èyí tó fi pamọ́ náà ṣeé kà. Ká ní háàtì méjì wà lọ́wọ́ yín, háàtì méjì sì wà nínú flop. Mẹ́rin ti jáde nínú 13, ó ku mẹ́sàn-án. Káàdì márùn-ún lẹ ti rí, 47 ni ẹ ò tíì rí. Ẹ wá ń wá mẹ́sàn-án nínú 47, ìyẹn 19 nínú 100. Nínú ìgbà márùn-ún, háàtì kì í pé ẹ̀ẹ̀kan tán lórí turn. Bí kò bá wá, ó di 9 nínú 46 fún river, kò tó 20 nínú 100. Bó bá dájú pé ẹ máa rí turn àti river méjèèjì, ó jẹ́ 35 nínú 100. Ẹni tí ìṣirò kò rọrùn fún lè fi 2 sọ iye káàdì tó ń wá di púpọ̀ fún káàdì kan, kó fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀ fún káàdì méjì. Á rí 18 àti 36, ìyẹn súnmọ́ ọn tó láti ta eré.

35 yẹn gan-an ló ń ko àwọn èèyàn sí gbèsè. Wọ́n á rí flush draw lórí flop, wọ́n á ní "35 nínú 100 ni mo ní," wọ́n á sì sanwó. Owó káàdì kan péré ni wọ́n san. Ẹni tó wọkọ̀ ní Òṣogbo, tó san owó Ìwó, kò lè bínú pé wọn ò gbé òun dé Ìbàdàn. Bó bá dé Ìwó, á tún kówó jáde. Láti flop sí turn ni Òṣogbo sí Ìwó, láti turn sí river ni Ìwó sí Ìbàdàn. Ìgbà kan ṣoṣo tí owó ẹ̀ẹ̀kan ń gbé yín débẹ̀ ni bí gbogbo owó bá ti wọ àárín lórí flop, tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè béèrè mọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kó wà lẹ́nu yín ni èyí tí à ń béèrè lọ́jọ́ gbogbo l'Ọ́jà Ọba: èló ni? Ká ní ₦1,000 wà láàárín, tí ẹnì kan ju ₦500 lé e. Bí ẹ bá san ₦500, gbogbo owó àárín di ₦2,000, tiyín sì jẹ́ 25 nínú 100 rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ní lórí turn jẹ́ 19. Ọjà náà wọ́n díẹ̀. Ká ní ₦250 ló jù, tiyín á jẹ́ nǹkan bí 17 nínú 100, ẹ san án, ẹ má ronú. Bó bá sì ju ₦1,000, ó ti di 33, ó ti jìnnà sí 19.

Ṣé ká wá sá fún ₦500 yẹn ni? Kò pọn dandan, ibí yìí ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú ìgbà 47, ẹ ó pàdánù ₦500 nígbà 38, ìyẹn ₦19,000. Ìgbà mẹ́sàn-án tó kù ló gbọ́dọ̀ dí ihò náà, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ mú nǹkan bí ₦2,111 wálé. ₦1,500 ti wà nílẹ̀. Ó ku nǹkan bí ₦611 tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún lẹ́yìn tí háàtì bá ti yọjú. Bí ẹni náà bá ní ₦8,000 níwájú, tó sì jẹ́ irú ẹni tí kì í fẹ́ jù káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ₦611 kò ní nira fún un, ẹ san ₦500 náà. Bí kò bá ní ju ₦300 mọ́ níwájú, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i gbà. Kí n tó sanwó flush draw kankan báyìí, owó iwájú ẹni yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ má sì gbàgbé pé gbangba ni háàtì mẹ́ta wà lórí tábìlì, ẹni tó lójú á rí i, ó lè dá ọwọ́ dúró.

Ọ̀nà líle ni mo gbà kọ́ ìyókù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, 7 háàtì àti 5 háàtì ló wà lọ́wọ́ mi. Flop já: Kíǹgì háàtì, 9 háàtì, 3 sípéèdì. ₦1,000 wà láàárín. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta àdìrẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà yá sí owó, rọra ka ₦1,000, ó tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tò aṣọ, ó tì í sáàárín. Mo san án. Turn jẹ́ káàdì dúdú. Ó ka ₦2,000. Mo san án. River jẹ́ 2 háàtì, inú mi sì dùn débi pé mo ti gbogbo ₦6,750 tó kù níwájú mi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní, "Àbúrò, mo bá ẹ san án." Éèsì háàtì, tó ga jù nínú gbogbo háàtì, àti Jáàkì háàtì ló wà lọ́wọ́ wọn.

Mi ò lè sùn títí mo fi tún un kà. Mẹ́sàn-án ni mo rò pé mò ń wá. Méjì nínú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n látìbẹ̀rẹ̀, ó ku méje. Nínú méje yẹn, kò sí ẹyọ kan tó lè gbà mí, torí gbogbo háàtì tó bá sọ tèmi di flush ló ń sọ tiwọn náà di flush, tiwọn ló sì ga. Owó 33 nínú 100 ni mo san lórí flop, 29 nínú 100 ni mo san lórí turn, láti ra nǹkan tí kò sí lọ́jà rárá.

Nítorí náà, kí n tó ka mẹ́sàn-án, mo máa ń wo èyí tó ga jù nínú háàtì ọwọ́ mi. Bó bá jẹ́ Éèsì, ọkàn mi balẹ̀. Bí èèyàn ṣe pọ̀ tó nínú eré náà ni owó àárín ṣe ń pọ̀, ó sì tún dára bí ẹlòmíràn bá ní flush kékeré, torí òun ló máa sanwó jù. Bó bá jẹ́ 7 àti 5, ọ̀pọ̀ èèyàn nínú eré jẹ́ ewu fún mi, owó táṣẹ́rẹ́ nìkan ni mo lè fi wo káàdì tó kàn. Mo tún máa ń yọ káàdì kan kúrò nínú mẹ́sàn-án. Lórí flop ọjọ́ yẹn, 3 háàtì ì bá fún mi ní flush, ṣùgbọ́n ì bá tún sọ 3 di méjì lórí tábìlì, ẹni tó ní Kíǹgì méjì lọ́wọ́ á sì di full house lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn má dúró de ẹni tó máa jùwó, kó ju owó ńlá fúnra rẹ̀, kí ọ̀tá lè sá kí háàtì tó dé rárá. Òótọ́ ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti jẹ nígbà náà: kí wọ́n sá, tàbí kí háàtì wá. Àmọ́ ní tábìlì ₦50 àti ₦100, wọn kì í sá. Ẹni tó ní Éèsì kan pẹ̀lú Éèsì kan lórí tábìlì máa bá yín lọ dé òpin, ẹ ò lè fi owó dẹ́rù bà á. Èmi máa ń ṣe é sí ẹnì kan ṣoṣo, tí mo ti rí i tó ju káàdì dáadáa sílẹ̀ rí, tó sì jẹ́ pé èmi ló máa kàn gbẹ̀yìn láti ṣe ìpinnu. Àǹfààní kan wà níbẹ̀: bí mo bá fi owó lé tirẹ̀ lórí flop, ó sábà máa ń kan tábìlì lásán lórí turn, ìyẹn ni pé kò ní ju owó kankan, èmi náà á kan án, mo sì ti rí river lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn flush draw kan wà tó lágbára ju bó ṣe hàn lọ. Ká ní Éèsì háàtì àti Kúìnì háàtì wà lọ́wọ́ yín, flop sì jẹ́ 9 háàtì, 6 háàtì àti 2 kílọ́ọ̀bù, ọ̀tá sì ní 9 kan lọ́wọ́ tó bá ti orí tábìlì di méjì. Háàtì mẹ́sàn-án ń gbè yín, Éèsì mẹ́ta àti Kúìnì mẹ́ta náà ń gbè yín. 15 nìyẹn. Bí gbogbo owó bá wọ àárín níbẹ̀, 54 nínú 100 ni tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ní nǹkan kan lẹ wá ń ṣíwájú. Mi ò jẹ́ sá níbẹ̀ láé.

Owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ kò gbọdọ̀ dé tábìlì yìí, ẹ̀gbọ́n onílé kì í gbà á. Níbi tí onílé bá sì ti ń yọ owó tirẹ̀ nínú ohun tó wà láàárín, ẹ yọ iye yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó pín in, torí ó ń sọ gbogbo owó tí mo kà sókè yìí di ọ̀wọ́n sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Jáàkì àti 8 sípéèdì wà lọ́wọ́ mi, sípéèdì méjì wà nínú flop. ₦1,000 wà láàárín, ẹ̀gbọ́n aládìrẹ ka ₦1,500 sílẹ̀. Tèmi nínú ₦4,000 á jẹ́ 37 ààbọ̀ nínú 100, fún káàdì kan ṣoṣo. Mo da káàdì mi nù. Turn jáde: sípéèdì. Àbúrò tó jókòó tì mí lu itan, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ rí i!" Mo rí i. Nínú gbogbo ìgbà márùn-ún, ó máa ń wá báyẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó pín káàdì tó kàn.