Bí Pùròtéènì Alárinà Ṣe Di Púpọ̀ Nínú Ẹranko Eléegun Ẹ̀yìn

Nígbà tí iṣẹ́ kan bá ti òde dé ara sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà tàbí kí ó pín sí méjì, kì í ṣe pùròtéènì kan ṣoṣo ni yóò gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Pùròtéènì tí ń jẹ́ RAF yóò gbà á, yóò fi lé òmíràn tí ń jẹ́ MEK lọ́wọ́, MEK yóò fi lé ERK lọ́wọ́, ERK yóò sì gbé e wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn jíìnì wà. Gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ni ó ti sọ èyí, kò sì sí ìdí láti pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè ni bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń rí ara wọn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún pùròtéènì oríṣiríṣi tí ó há mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì kan náà.

Alárinà ni ó ń mú wọn pàdé. Pùròtéènì tí a ń pè ní KSR ní ojú ìdìmú fún RAF, ó ní fún MEK, ó sì ní fún ERK, nítorí náà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Nínú sẹ́ẹ̀lì, kò gbọdọ̀ yẹ̀bá, nítorí pé bí ó bá ti kúrò, àwọn tí ó so pọ̀ yóò tún fọ́n ká bí ẹni tí kò pàdé rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń kùnà nìyí: wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí alárinà bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yóò ṣe máa yá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí alárinà bá pọ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ fẹ́ra wọn lọ, ẹbí ọkọ yóò jókòó ti ọ̀kan ní òkè ọjà, ẹbí ìyàwó yóò jókòó ti òmíràn ní ìsàlẹ̀ ọjà, owó orí yóò wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò gbà á. Gbogbo ènìyàn ní alárinà, kò sì sí ìgbéyàwó. Bákan náà, bí KSR bá pọ̀ jù, RAF yóò wà lára ọ̀kan, MEK yóò wà lára òmíràn, iṣẹ́ náà yóò sì dúró lójú ọ̀nà. Abájọ tí àwọn àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ lórí KSR, lẹ́yìn tí wọ́n rí i nínú eṣinṣin èso àti aràn kékeré ní 1995, fi ń ta kora: àwọn kan ní ó ń ti iṣẹ́ síwájú, àwọn kan ní ó ń dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí oníkálukú fi sínú sẹ́ẹ̀lì ni kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ni kọ́kọ́rọ́ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn pùròtéènì wọ̀nyí láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n níbo ni alárinà ti kọ́kọ́ wá? Èsì tí a ní jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó dùn mọ́ni jù lọ nínú ìmọ̀ nípa ohun alààyè. Ẹ wo PSD-95, alárinà tí ó kún oríta tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ pín sí apá márùn-ún: PDZ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí 90 ámínò ásíìdì (àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi to pùròtéènì), SH3 kan, àti GK kan. GK yìí ni àdììtú. Ìrísí rẹ̀ bá ti ẹ́ńsáìmù àtijọ́ kan mu (ẹ́ńsáìmù ni pùròtéènì tí ń yí èròjà kan padà sí òmíràn), guanylate kinase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú fọ́sífétì lára èròjà kan tí ń jẹ́ ATP kí ó fi kún òmíràn tí ń jẹ́ GMP, kí GMP lè di GDP. GK inú PSD-95 kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́. Pùròtéènì mìíràn ni ó ń dì mú.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí Ken Prehoda àti Joseph Thornton wà lára wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí ó lọ bá àdììtú yìí ní gbòǹgbò. Wọ́n to ẹ̀dà GK láti ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun alààyè tí ó wà láyé lónìí jọ, wọ́n fi ìṣirò tọ ipasẹ̀ wọn padà sẹ́yìn títí wọ́n fi mọ bí ti baba ńlá wọn yóò ṣe rí, wọ́n sì ṣe baba ńlá náà ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹ́ńsáìmù ni baba ńlá náà. Wọ́n wá yí ámínò ásíìdì kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀, láti serine sí proline, ó sì di alárinà: kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di pùròtéènì mìíràn mú, nígbà tí wọ́n sì fi sínú sẹ́ẹ̀lì eṣinṣin, ó ń bá sẹ́ẹ̀lì náà pinnu ìhà tí yóò kọjú sí bí ó bá ń pín. Ẹ́ńsáìmù náà máa ń pa dé nígbà tí ó bá ti gbá GMP mú. Proline kò jẹ́ kí ó lè pa dé mọ́, ojú tí ó fi ń di GMP mú sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lóòótọ́, àwọn ìyípadà mìíràn tẹ̀lé e tí wọ́n mú ìdìmú náà le sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó gba ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ láti ṣí, ẹyọ kan ni ó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ KSR fara jọ èyí. Mọ̀lẹ́bí RAF ni, ẹ́ńsáìmù sì ni RAF, ṣùgbọ́n nínú KSR àwọn ẹranko tí ń fọ́mọ lọ́yàn, ámínò ásíìdì tí irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, lysine, ti di òmíràn, arginine. Ẹni tí ó ti ṣe ìyàwó rí, tí ó mọ inú ilé tọ̀tún tòsì, ni ó wá di alárinà.

Gbogbo èyí kò dúró de ẹranko eléegun ẹ̀yìn. GK alárinà ti wà kí ìran ẹranko tó yapa kúrò lára ìran choanoflagellate, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí ó ń gbé inú omi. Kànrìnkàn inú òkun, ẹranko tí kò ní ọpọlọ tí kò sì ní iṣan kankan tí a lè fi wé e, ní èyí tí ó pọ̀ jù lára jíìnì àwọn alárinà tí a ń rí ní oríta ọpọlọ tiwa. Ohun tí eléegun ẹ̀yìn fi kún un ni ẹ̀dà.

Ní 1970, Susumu Ohno, onímọ̀ ará Japan tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé gbogbo jíìnì àwọn baba ńlá wa ti ṣe ìlọ́po nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì amphioxus tán ní 2008, ẹ̀dá kékeré kan tí ó sún mọ́ wa ṣùgbọ́n tí kò ní eegun ẹ̀yìn, ó hàn pé òótọ́ ni, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn ẹ̀dà náà ni ó sọnù. Ti àwọn pùròtéènì tí ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ṣẹ́kù ju bí ènìyàn yóò ṣe retí lọ, àlàyé tí ó sì lágbára jù fún un ni ti ìwọ̀n: bí alárinà nìkan bá di méjì, yóò pọ̀ ju àwọn tí ó ń so pọ̀ lọ, iṣẹ́ yóò sì dàrú, ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀n kò yẹ̀, kódà, láti ìgbà náà lọ, pípàdánù ẹ̀dà kan ni yóò di ewu. Ọgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó gbèrò rẹ̀ ni, ó sì fún àwọn ẹ̀dà náà ní àkókò tí ó gùn láti kọ́ iṣẹ́ tuntun.

Eṣinṣin èso ní jíìnì dlg kan. Àwa ní mẹ́rin, PSD-95 sì wà lára wọn lábẹ́ orúkọ DLG4. Ní 2013, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan tí Seth Grant jẹ́ ọ̀kan lára olórí rẹ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí eku jáde: wọ́n mú àwọn jíìnì yìí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́ àwọn eku náà láti máa fi imú tẹ ojú ẹ̀rọ. Eku tí kò ní Dlg4 kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn jù pàápàá. Èyí tí kò ní Dlg2 kọ́ ẹ̀kọ́ kékeré, ṣùgbọ́n ó kùnà nígbà tí ẹ̀kọ́ náà lọ́jú pọ̀, Dlg3 sì ń ṣiṣẹ́ ní òdì kejì Dlg2. Àwọn ènìyàn tí DLG2 wọn ní àbùkù ṣe irú àṣìṣe kan náà nínú irú ìdánwò kan náà.

Iye tí a san fún pípín iṣẹ́ báyìí kò kéré. SHANK jẹ́ alárinà mìíràn ní oríta ọpọlọ, ọ̀kan ni eṣinṣin ní, àwa ní mẹ́ta, ó sì yẹ kí ènìyàn rò pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́ àwọn tí ó kù yóò dí i. Wọn kì í dí i. Ọmọ tí ó bá pàdánù ẹyọ kan péré nínú ẹ̀dà SHANK3 méjì tí ó yẹ kí ó ní lè ní àrùn Phelan-McDermid, kí ọ̀rọ̀ sísọ pẹ́ tàbí kí ó má wá rárá, SHANK1 àti SHANK2 sì wà níbẹ̀ ní pípé. Nígbà tí wọ́n sì mú kí Shank3 pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú eku, ara wọn kò balẹ̀ mọ́, gìrì sì ń mú wọn.