Kí ló dé tí wèrè inú fíìmù kì í wé gèlè?

Lọ́jọ́ Sátidé kan nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ọ́fà, gbogbo wa jókòó ti fíìmù Yorùbá. Wọ́n ṣépè fún ìyàwó ilé kan nínú rẹ̀, ààrá sán, ló bá fa aṣọ ya, ó gba orí àkìtàn lọ. Àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó bọ́ sí kíṣìnnì. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tó ti mú rí ló dìde yẹn. Ó ti yọ̀ǹda kí n sọ ọ́. Àwọn ìbéèrè tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń bi mí látìgbà náà ni mò ń dáhùn níbí.

Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí orí èèyàn dàrú lẹ́ẹ̀kan náà?

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ò ní ju wákàtí méjì lọ, ohun tí ojú lè rí ló sì ń wá. Tiwa nílé, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìkómọ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn. Lóru, ó fọ ìró kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sá a, ó ká a, ó tún rì í bomi. Ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, a ò lè bá a dé ìdí ọ̀rọ̀ kankan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tẹjú mọ́ ọmọ, ó ní, "Ta ló gbé ọmọ mi lọ, tó fi èyí rọ́pò?" Aṣọ rẹ̀ ò ya. Gèlè rẹ̀ gún régé. Gèlè yẹn ló jẹ́ ká sọ pé àárẹ̀ ìbímọ ni, ká jẹ́ kó sinmi.

Àbísínwín ni. Àwọn dókítà ní ó máa ń mú ìyá kan tàbí méjì nínú 1,000 tó bá bímọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò ṣe é fi falẹ̀, torí ìyá lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ léṣe, ṣùgbọ́n oògùn ń kápá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣòfò. Ó ń dùn mí títí dòní. Ohun tí fíìmù kọ́ wa la jókòó tí à ń retí, àkísà là ń wò fún.

Wọ́n ní wèrè tó bá ti wọ ọjà ò ṣe é wò mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ba ayé èèyàn jẹ́ ni. Ẹni tẹ́ ẹ rí lọ́jà, ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ láìsí ìtọ́jú. Ó lè pẹ́ kó tó gbádùn ju ẹni tó tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn àti ará ilé wọn kọ̀ọ̀kan wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aró ká l'Ábẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn náà ń gba ìtọ́jú nígbà náà, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko. N'Ílọrin tiwa, ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ń wọ ọjà. Owódé l'Ọ́fà ló ń ná, àǹkárá ló ń tà níbẹ̀.

Àwọn babaláwo àti àlùfáà inú fíìmù ńkọ́?

Ọfọ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba ni fíìmù ń fi hàn. Ewé àti egbò gan-an kì í hàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa mọ asofẹ́yẹjẹ. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú igi náà, èyí tí àwọn dókítà òyìnbó náà lò fún àìsàn ọpọlọ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Èmi ò bá àdúrà jà. Àlùfáà ka rúkíyà sí ẹ̀gbọ́n mi lórí, ó sì fara balẹ̀. Ẹgba ni mi ò fẹ́. Kò sí ẹni tí ẹgba wò sàn rí.

Fíìmù òyìnbó sàn ju tiwa lọ, àbí?

Tiwọn náà ní àbùkù tirẹ̀. Láti ìgbà *Psycho*, ní 1960, apààyàn ni wọ́n fẹ́ràn láti fi alárùn ọpọlọ ṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ alárùn ọpọlọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń lù, tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. *A Beautiful Mind*, ní 2001, fi àánú bá John Nash lò, onímọ̀ ìṣirò tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994. Síbẹ̀, nínú fíìmù, ó ń rí àwọn èèyàn tí kò sí. Ohùn ni Nash gan-an ń gbọ́. Ohùn ò ṣe é fi kámẹ́rà yà, mo rò pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un lójú àti ẹsẹ̀.

Èwo ni fíìmù ò tilẹ̀ mọ̀ rárá?

Ọdẹ orí. Nǹkan á máa rìn lórí, etí á máa hó, àyà á máa já, oorun ò ní wá. Lára ẹlòmíràn, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí ìfòyà tó ti wọra ló fara hàn bẹ́ẹ̀. Onítọ̀hún á sì jí, á wẹ̀, á lọ sọ́jà. Kò sóhun tí kámẹ́rà fẹ́ rí níbẹ̀.

Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, nígbà náà?

Kí wọ́n fi obìnrin kan hàn mí tó wé gèlè, tí kò sùn. Kí ọkọ rẹ̀ gbé e sọ́kọ̀. Kí dókítà bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kó máa lo hóró oògùn rẹ̀ lálaalẹ́, kó sanra díẹ̀, kí inú bí i sí oògùn náà, kó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde láti kíṣìnnì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti gbé e lọ sọ́sípítù?"

Mo ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti parí."