Kí ni wọ́n ń pè ní áákáífù?

Ẹni tó bá gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní áákáífù lè rò pé ilé ìkàwé ni wọ́n sọ lórúkọ mìíràn. Rárá o. Áákáífù ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ìwé tí ẹnì kan fi sílẹ̀. Ìwé ilé ìkàwé, bí iná bá jó o, a lè ra òmíràn. Ti áákáífù ò ní èkejì láyé: lẹ́tà tí onítọ̀hún fọwọ́ kọ, ìwàásù tó kọ dé ìdajì tó sì fagi lé, rìsíìtì lásán.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Martin Luther King ṣàlàyé, aṣáájú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó wọ Morehouse College ní Atlanta, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1948. Ní 2006, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ìwé rẹ̀ ní gbàǹjo ní New York. Shirley Franklin, tó jẹ́ olórí ìlú Atlanta nígbà náà, sáré kó àwọn olówó jọ. Ọjọ́ gbàǹjo ò tíì pé tí wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀, nǹkan bí 10,000 ìwé, ní mílíọ̀nù 32 dọ́là. Morehouse ni wọ́n rà á fún.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú áákáífù ni pé wọn kì í da ìwé ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, wọn kì í sì í ṣàdédé tú bí ẹni tó ni ìwé ṣe tò ó. Ẹni tó bá ti tú àpótí bàbá rẹ̀ rí lẹ́yìn ìsìnkú á mọ ìdí rẹ̀. Ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó orí àti fọ́tò obìnrin kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, gbogbo wọn nínú àpò ìwé kan ṣoṣo. Ẹ yọ fọ́tò yẹn sọ́tọ̀ pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn kàn án.

Wọ́n á yọ pín-ìn-nì àti kílíìpù, torí ìpẹtà wọn a máa jẹ ìwé. Ìwé ìròyìn ló tètè ń pọ́n tó sì ń rún jù. Bẹ́ẹ̀ etí ìwé ìròyìn ni King ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà rẹ̀ tó lókìkí, nínú ẹ̀wọ̀n Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1963. Ẹlòmíràn ì bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ́n ẹ̀pà.

Kì í sì í ṣe ojú kan ni ìwé ẹnì kan máa ń wà. King fúnra rẹ̀ ti kó ìwé tó lé ní 80,000 fún Yunifásítì Boston, níbi tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀, Coretta, pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n Boston ló jàre ní 1993.

Ibi tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé: Morehouse ló ni ìwé, ẹbí King ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó kà á, kó fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tó rí sílẹ̀, torí bírò léèwọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń kà á. Tó bá fẹ́ tẹ odindi lẹ́tà kan sínú ìwé tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí ló máa lọ tọrọ àyè.