Leopold Auer àti "ọwọ́ Rọ́ṣíà": ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣé ọmọ Rọ́ṣíà ni Auer?

Rárá o. Veszprém nílẹ̀ Họ́ngárì ni wọ́n bí i sí ní 1845. Ọdún 1868 ló dé ilé ẹ̀kọ́ orin ti Saint Petersburg, ó sì kọ́ èèyàn ní fáólíìnì níbẹ̀ títí di 1917. Ẹni tó lo ọdún 49 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà kúrò ní àlejò.

Kí ni "ọwọ́ Rọ́ṣíà" gan-an?

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Auer ṣe ń di ọrun, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta fáólíìnì, mú ni. Carl Flesch, olùkọ́ fáólíìnì mìíràn, ló fún un lórúkọ yìí nínú ìwé rẹ̀ ní 1923, kì í ṣe Auer. Wàá da ọwọ́ ọ̀tún délẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì, kí ìka ìfábẹ̀lá lè wọ orí igi ọrun dé oríkèé àárín, kí orí ìka náà sì ká mọ́ igi. Ìka ọmọńdinrín kì í fara kan igi àfi tí wọ́n bá ń fi ìdajì ìsàlẹ̀ ọrun ta á. Bí ọrun bá ti ń lọ sí ṣóńṣó, ọmọńdinrín ti gbéra. Ìwúwo apá ló ń gba ara ìfábẹ̀lá bọ́ sórí okùn, ohùn á sì kún.

Ibo ló ti máa ń bàjẹ́?

Ní ìdí ọrun. Ọrun ò ju nǹkan bíi gíráàmù 60 lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọńdinrín ò bá gbé e dúró níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á já lé okùn, á sì máa han gooro. Àṣìṣe kejì burú jù: akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi ìfábẹ̀lá tẹ igi, àtàǹpàkò á le gbagidi, ohùn á há. Ká àtàǹpàkò kò díẹ̀ ná, kó tó kan ìka yòókù.

Ṣé bí Auer ṣe kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyẹn?

Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1921, ó ní ọwọ́ ò dọ́gba, nítorí náà kò sí òfin kan pàtó fún dídi ọrun mú. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n dì í mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n gbé fáólíìnì sókè dáadáa, kí wọ́n má sì fi tìmùtìmù tì í lábẹ́. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ni kí wọ́n fi dánra wò, kí wọ́n sinmi fún 10 sí 15 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni Jascha Heifetz, ọmọ tí Auer kọ́ ní fáólíìnì, àtàwọn òbí rẹ̀ ṣe ráyè gbé Saint Petersburg?

Júù ni wọ́n, òfin ò sì gbà nígbà yẹn kí Júù máa gbé Saint Petersburg, tó jẹ́ olú ìlú Rọ́ṣíà, láìgba ìwé àṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i gbà, òbí rẹ̀ ò lè rí i. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ bàbá ọmọ náà, tóun fúnra rẹ̀ ń fi fáólíìnì ṣe orin, sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ Auer nìyẹn.